Èdè Tí Wọ́n Fi Ọṣẹ Fọ̀ Lẹ́nu Màmá Mi

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, kí ni ilé ẹ̀kọ́ ń wá lọ́dọ̀ ìyá mi? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ kú ètò o; ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Chicano ni wá, ìyẹn ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ní San Antonio ní Texas níbí. Nígbà tí màmá wà lọ́mọdé, ọṣẹ ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ń fọ ẹnu ọmọ tó bá sọ Sípáníìṣì. Ìdí nìyẹn tí kò fi kọ́ àwa ọmọ rẹ̀ ní èdè náà.

Lánàá, ọ̀gá tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà báyìí gbé búrẹ́dì aládùn wá. "Màmá, ẹ wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè yín."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọṣẹ ti tán lọ́dọ̀ yín ni?"

Ṣùgbọ́n ó gbà. N kò fẹnu kan búrẹ́dì náà.

"Màmá, ìfura loògùn àgbà. Àwọn olówó tó ń ra ilé mọ́ wa lórí ládùúgbò yìí ló ni àwọn ọmọ yẹn."

"Ọmọdé ni wọ́n. Wọn ò fọ ẹnu ẹnikẹ́ni."

"Èmi tí ẹ ò kọ́ ńkọ́?"

Ó bu búrẹ́dì náà sẹ́nu.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dá a dúró ni, àbí kí n lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀? Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà.