Tọ́bò Tàbí Súpáchájà fún Pikọ́ọ̀pù Bàbá Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú ìrìn ọjà. Mo kí Màámi lórí ìkúnlẹ̀, mo kí Ìyá Àgbà, mo sì kí àbúrò mi Fẹ́mi tí yóò ka ìwé yìí. Fẹ́mi, kà á sókè kí gbogbo agbo ilé gbọ́. Má fo ibì kankan.

Òjò Ìbàdàn kò fẹ́ dá. Yàrá tí mo ń sùn ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Tí mo bá ní mò ń lọ "ulé", bí a ti ń pe ilé lọ́dọ̀ wa, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa á rẹ́rìn-ín, nítorí náà mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ìgbà míì inú kàn ń bí mi, mi ò mọ ohun tó fà á.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní kí n yan èyí tó dára nínú tọ́bò àti súpáchájà, ẹ̀rọ méjì tí ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, fún pikọ́ọ̀pù wa, nítorí òkè ọ̀nà Ọ̀yẹ́ yẹn, níbi tí àwọn ìyá tí ẹ gbé máa ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á fẹsẹ̀ rìn dé orí òkè ṣáájú ọkọ̀. Ẹ ní wẹ́dà tó ń jó irin ti ṣetán láti gé sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, èmi nìkan ni ẹ ń dúró dè.

Bàbá, mi ò mọ èyí tí mo lè yàn. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù ní tọ́bò ni, pé èéfín sàlẹ́ńsà ló ń yí i. Èkejì tó jókòó tì í ní irọ́ ni, pé tọ́bò máa ń pẹ́ kó tó jí, súpáchájà tí bẹ́líìtì ń yí ló dára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀. Láàárọ̀ màá ní tọ́bò ni, tó bá di ọ̀sán màá ní súpáchájà.

Mo wá bi ọ̀gá mi. Ó bèèrè bí ọkọ̀ náà ti pẹ́ tó. Mo ní ẹ ti ń wà á kí ẹ tó bí mi. Ó ní àwọn méjèèjì, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fi tipátipá tì sínú ẹ́ńjìnnì. "Bàbá àgbà tí èémí rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, ìwọ fẹ́ kó máa fọn fèrè?" Ó ní kí ẹ sítáàtì ọkọ̀, kí ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Tí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti gbó nínú, èyíkéyìí tí ẹ bá fi sí i yóò kàn fọ́ ọ ni.

Èyí tí mi ò lè sọ fún ọ̀gá mi ló kù. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ tọ́bò sí yín lórí. Nínú lẹ́tà tí mo kọ lẹ́yìn Àjíǹde, mo ní mo ti tú ẹ́ńjìnnì, mo ti fi tọ́bò sí ọkọ̀ tó fò gun òkè. Irọ́ ni. Ẹnu oníbàárà kan ni mo ti gbọ́ ọ. Irin ni mo ń fọ̀, táyà ni mo ń dè. Nígbà tí àwọn ará ìlú ní iṣẹ́ mẹkáníìkì kò yẹ obìnrin, ẹ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbèjà mi. Mo fẹ́ kí ẹ rí nǹkan tọ́ka sí ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wẹ́dà dúró. Ẹ ṣí ìdérí yẹn wò ná. Tí èéfín bá jáde, inú mi á bàjẹ́. Tí kò bá jáde, mi ò tíì mọ èyí tí n óò yàn síbẹ̀.

Kí Olúwa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà, kó fún Màámi lókun. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìsàn tó bá bèèrè mi. Tí wọ́n bá sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má gbèjà mi lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni ọmọ yín,
Tóyìn