Béèrè Ohun Tí Alásè Fúnra Rẹ̀ Ń Jẹ

Ìlọrà, lẹ́bàá Ọ̀yọ́,
Oṣù Kejì, 1976.

Olúbùkọ́lá Àlàkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àdáwà, mo sì kí ọ kú ìwé. Ọlọ́run tí kì í sùn ní Ìlọrà kò ní sùn ní Párísì. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Bàbá rẹ ti ń kọ ebè, gaàrí mi ń tà, ewúrẹ́ dúdú sì bí méjì.

Ọwọ́ èmi ìyá rẹ fúnra mi ni mo fi ń kọ eléyìí, má rẹ́rìn-ín. Ọdún kìn-ín-ní ni mo wà ní kíláàsì àwọn àgbà ní ilé ìwé Onítẹ̀bọmi, èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, àyà mi sì máa ń já bí Tíṣà Adégòkè bá ti pe orúkọ mi. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́ níhìn-ín, bá mi tọ́ ọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ka lẹ́tà rẹ. O ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lo ń jẹun, búrẹ́dì lásán sì ni. O ní àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké kan wà ládùúgbò rẹ tí àwọn Faransé ń pè ní bístírò, òdòdó wà lójú fèrèsé wọn, wọ́n kọ oúnjẹ àti iye rẹ̀ sára pátákó síta, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n o kò mọ èyí tí o lè yàn, o kàn máa ń kọjá lọ ni. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní n óò wádìí rẹ̀ fún ọ.

Mo kọ́kọ́ bi bàbá rẹ. Ó ní ibi tí òdòdó bá ti lè wà lójú fèrèsé, kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, nítorí náà kí o má retí ẹran ewúrẹ́. Mo ní ìmọ̀ràn yẹn kò tó. Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, sí ilé oúnjẹ kan tí àwọn òyìnbó ti máa ń jẹun, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń wọ irú ibẹ̀.

Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo lọ, mo bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo jàjà jókòó, ọkùnrin aláṣọ funfun kan gbé ìwé líle kan síwájú mi, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró tì mí. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Ta ni í dúró ti ènìyàn bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ìdánwò? Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, a ò sì tíì dé ibẹ̀ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti kọ́ wa pé orúkọ ni ká kọ́kọ́ kọ sókè ìwé kó má baà sọnù. Mo yọ pẹ́ńsùlù, mo kọ ọ́ gàdàgbà: DOROTHY ÀBỌ̀DÉ, KÍLÁÀSÌ KÌN-ÍN-NÍ. Mo dá a padà fún un, mo ní kó jọ̀ọ́, ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn.

Ó gbé e wọ ilé ìdáná, mo sì gbọ́ ẹ̀rín. Mo ní ó parí, mo ti féèlì. Ni alásè bá jáde sí mi, ọkùnrin sísanra kan ará Fìdítì, ó ní Ìyá, orúkọ oúnjẹ ló wà nínú ìwé yẹn, ta ló ní ẹ gbọ́dọ̀ kàwé yege kí ẹ tó jẹun? Mo ní ọmọ mi ló wà ní Párísì, ebi ń pa á, kò mọ ilé oúnjẹ tí yóò yàn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun ti se oúnjẹ fún àwọn Faransé rí ní Kútọnu. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má wo òdòdó, àwọn tó jókòó ni kí o wò. Bí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn awakọ̀ bá pọ̀ níbẹ̀, wọlé. Kí o béèrè ohun tí alásè fúnra rẹ̀ ń jẹ lọ́jọ́ náà, nítorí alásè kì í se ìyà fún ara rẹ̀, oúnjẹ yẹn kì í sì í wọ́n. Búrẹ́dì inú agbọ̀n tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ, ènì ni, má fi sílẹ̀. Ó bu tirẹ̀ fún mi, èbà àti ọbẹ̀ ilá tó kún fún pànlá, mo sì jẹ ẹ́ tán láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ló ṣẹ́kù tó ń dùn mí. O kọ ọ́ pé owó páànù tí mo ń béèrè nínú gbogbo lẹ́tà mi lo ń febi pa ara rẹ kó jọ. Owó wo? Sìrájù ló ń bá mi kọ lẹ́tà kí n tó mọ̀ ọ́n kọ. Mo bá a délé, mo ní Sìrájù, ìgbà wo ni mo ní kí ọmọ mi fowó ránṣẹ́? Kò tilẹ̀ tijú. Ó ní Ìyá Bùkọ́lá, ṣé ó yẹ kí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi ni? Ó ní lẹ́tà òbí tí kò bá béèrè owó kò tíì parí, bí òun ṣe ń parí ti gbogbo ìlú nìyẹn. Oṣù márùn-ún ni ọmọ mi fi gbààwẹ̀ nítorí ìparí lẹ́tà!

Nítorí náà, gbọ́. Owó tí o ti kó jọ, jẹ ẹ́. Òrùlé ń jò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, agbada tí a ó fi gba omi sì wà. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má kọjá mọ́. Wọlé, jókòó, jẹun, kí o sì kọ ohun tí o jẹ ránṣẹ́ sí mi, èmi ni n óò kà á. Bí o bá kọ̀, n óò wá síbẹ̀ fúnra mi.

Oúnjẹ tí o bá jẹ yóò gba ibi ire lára rẹ. Ilẹ̀kùn kan kò ní tì mọ́ ọ lójú. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, a ó sì rí ọ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò béèrè kọ́bọ̀,
Dorothy Àbọ̀dé.