Ògiri Tí Àwọn Àgùntàn Ń Lá

Àìkú, 24 Bélú 2024

Ìpàdé ẹbí ní Àtàn lónìí. Inú ṣì ń bí mi. Alága — Ọládàpọ̀, àbúrò ọkọ mi, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tí mo wọlé ọkọ, nítorí kò síbi tó dé tí kì í jókòó sága iwájú — Alága ní kí wọ́n wó ọgbà àgùntàn mi, kí òun fi ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ ti ń sún mọ́ wa, àwọn òṣìṣẹ́ á máa ra nǹkan. Ó ní kí ni àgùntàn ń ṣe níbẹ̀, tí wọn ò bímọ kankan láti ìgbà tí Múìdéènì ọkọ mi ti kú. "Àgàn ni gbogbo wọn." Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo mọ ohun tó ń wò. Mi ò bímọ. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún dáadáa, Ìyàwó ni wọ́n ṣì ń pè mí nínú ilé yẹn. Àwọn tí wọ́n fẹ́ lẹ́yìn mi ti di Ìyá Tolú, wọ́n ti di Ìyá Abísọ́lá. Èmi, Ìyàwó. Kò dùn mí mọ́ — irọ́ ni, ó dùn mí.

Bàbá Ṣótúndé, olórí ẹbí, ló dá ẹjọ́ náà. Bí ọmọ àgùntàn kan bá ké nínú ọgbà yẹn kí Iléyá tó dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọgbà náà mọ́. Bí kò bá ké, kí n kó ẹran mi, kí Alága máa kọ́lé. Mo ní mo gbà. Ẹnu mi nìkan ló gbà.

Ọjọ́rú, 27 Bélú

Dókítà ẹran wá. Fúnkẹ́mi. Ọmọbìnrin kékeré, ọ̀kadà ló gùn wá láti Ìgbẹ̀sà, bùùtù ẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Ó bi mí ohun tí wọ́n ń jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fọ́nnu: èèpo ẹ̀gẹ́, èérí, búrẹ́dì tó ti gan láti békìrì. Ṣebí ó rí i bí wọ́n ṣe sanra! Ó ní, "Mọ́mì, ikùn wọn yó, egungun wọn ò yó." Ó ní ṣé wọ́n máa ń lá ògiri. Kí ni wọn kì í lá? Ògiri, ọ̀rá omi, etí ìró mi. Màdáàmù, olórí àwọn abo, ti jẹ ìdajì híjáàbù mi rí!

Ó ní ohun tí àwọn ẹran náà ti ń sọ fún mi látọjọ́ yìí nìyẹn. Iyọ̀ àti èròjà inú ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ara tí kò bá rí i kì í wá akọ. Bó bá tiẹ̀ gba akọ, oyún lè má dúró. "Wọn kì í ṣe àgàn, Mọ́mì. Ebi ló ń pa wọ́n."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Àbámẹ́ta, 30 Bélú

Mo lọ sí Sango, mo ra òkúta iyọ̀ tí Fúnkẹ́mi ní kí àwọn ẹran máa lá. Ó pupa, ó wúwo, bíríkì gẹ́lẹ́. Ọlọ́jà kọ́kọ́ fẹ́ ta ti ẹlẹ́dẹ̀ fún mi, ó ní ṣebí ẹran ni gbogbo wọn. Èmi tí mo wọ híjáàbù, ẹlẹ́dẹ̀! Fúnkẹ́mi sì ti kìlọ̀ fún mi: bàbà, irú èyí tó wà nínú wáyà iná, ó pọ̀ jù nínú ti ẹlẹ́dẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń pa àgùntàn. Mo bú ọkùnrin yẹn débi tó fi bẹ̀ mí.

Ajé, 2 Ọ̀pẹ

Yéè! Hafeez ti pa mí!

Mo ní kó wá dí ihò ara ògiri ọgbà. Mo gbé òkúta iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo lọ kírun Àílà. Kí n tó dé, bíríkìlà yìí ti mọ ọ́n mọ́ ògiri. Sìmẹ́ǹtì yí i ká, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn síta, ó sì ń dán. "Màmá, bíríkì tẹ́ ẹ rà yìí dáa o. Ibo lẹ ti rí i?" Mo pariwo títí àwọn ará ilé fi jáde. Bí mo bá ní kó yọ ọ́, ògiri á wó, ohun tí Alága sì ń wá nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 3 Ọ̀pẹ

Mo pe Fúnkẹ́mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ dáa jù: òjò ò ní tètè yọ́ ọ, wọn ò sì ní dà á nù kí wọ́n yàgbẹ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, 5 Ọ̀pẹ

Wọ́n ń lá a. Màdáàmù tiẹ̀ ń dijú.

Ẹtì, 13 Ọ̀pẹ

Alága kọjá, ó rí gbogbo wọn tí wọ́n tò kọjú sí ògiri. Ó ti ń sọ kiri Àtàn pé orí àwọn ẹran mi ti yí. Mo ní ìpàdé ni wọ́n ń ṣe, kó wá jókòó sága iwájú.

Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Ọ̀gágun! Àgbò tó ti ń sùn bí ẹni tó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọba! Láàárọ̀ yìí, Màdáàmù ló ń tẹ̀ lé yí ká ọgbà. Obìnrin náà dúró dè é. Mo ti géètì, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́rẹ́

Màdáàmù ò wá akọ mọ́; ó jọ pé oyún ti dúró. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ìwé, ìwọ náà pa ẹnu ẹ mọ́.

Àìkú, 27 Igbe

Ikùn ẹ̀ ti yọ! Alága ní búrẹ́dì ló wú nínú ẹ̀. Ó dáa náà. Ká máa wo búrẹ́dì tó ń tàpá nínú ikùn.

Ajé, 26 Èbìbí

Ọmú ẹ̀ ti kún. Iléyá ti kàn. Màdáàmù, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, ìyá mi.

Ọjọ́bọ̀, 5 Òkúdu

Ọjọ́ Àrafá.

Alága dé lọ́sàn-án, ó mú Hafeez àti òòlù ńlá dání. Ó ní ọ̀la ni Iléyá, òun ò gbọ́ igbe kankan. Màdáàmù ti wà nílẹ̀ látàárọ̀, ó ń kérora. Mo lọ dúró níwájú ògiri, mo na ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ní èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wó. Hafeez gbé òòlù sílẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí náà." Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni ọmọ ti bọ́ sílẹ̀.

Akọ. Ó tutù, ó dákẹ́. Mo nu imú ẹ̀. Mo pe Bàbá lórí fóònù, mo gbé e sẹ́nu ọmọ. Ké. Kò ké. Alága ní ṣebí Bàbá ní kó ké ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Bí Màdáàmù ṣe tún rọbí nìyẹn, òmíràn bọ́! Èyí ò dúró kí n nu imú rárá, ó figbe ta bí ẹni tí wọ́n gbá létí, èyí àkọ́kọ́ sì gbè é.

"Ta ni àgàn?" Mo kọjú sí Alága. "Mo ní ta ni àgàn níbí?"

Ohùn Bàbá ń dún nínú fóònù: "Ṣé méjì ni mo gbọ́ yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ìbejì ni. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì! O kú ewu! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọgbà yẹn!"

Ìyá Ìbejì. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ àgùntàn, mo sunkún bí ọmọdé. Inú mi dùn, inú mi dùn.

Ẹtì, 6 Òkúdu

Iléyá. Láti yídì títí dé ilé ni wọ́n ti ń kí mi: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọdún o, Ìyá Ìbejì. Bàbá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, gbogbo ìyàwó ilé ti gbà á. Àwọn kan lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n máa ṣe é, orúkọ mi ni. Hafeez ní òun lòun dá mímọ iyọ̀ mọ́ ògiri sílẹ̀, wọ́n ti ń pè é láti Joju kó wá mọ tiwọn.

Ibi tí mo ti ń pín ẹran ni Alága ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó gbé àwo dání. "Ìyàwó —" Ó wẹ̀yìn. Ó wá ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ẹran."

Ó fi "ẹ" kún un pàápàá.

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un pè.

Ó tún un pè.