Àkísà Pupa Mama Tega

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún, 2025
Òjò kò rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rọ̀ lóṣù tó kọjá, gbogbo wa sáré fọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sílẹ̀ ẹ̀yìn wíáháùsì ní Creek Road, òjò sì fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Mo tọ́ omi kànga wò láàárọ̀ yìí. Iyọ̀! Omi ọ̀sà ti wọ inú rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń roko níbẹ̀ rèé, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Omi iyọ̀ náà ni mo ṣì fi wọ́n ẹ̀fọ́. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Etí ewé tẹ̀tẹ̀ mi ti ń gbẹ, bí ẹni pé wọ́n yan án. Ti Ifeyinwa — Alápò ni mo ń pè é nínú ìwé yìí — dúdú minimini. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ temi gan-an o! Èṣí ló dé síbí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ́n irúgbìn. Nígbà tó ń kó yẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, tó ń tò wọ́n sórí ilẹ̀, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé ó fẹ́ gbé oko relé ni. Ó ní àpò kì í mu omi púpọ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń rù wá láti ọjà Boundary lójúmọ́, ó sì tó o.
Mo kórìíra àwọ̀ ewé yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Mama Tega tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Boundary wá rajà. Odidi bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ebè ẹ̀fọ́ kan, ni wọ́n máa ń rà, nígbà tí ewé ṣì wà nílẹ̀. Èyí tó bá wù wọ́n, wọ́n á so àkísà pupa mọ́ igi orí rẹ̀, ó tán nìyẹn, oníbàárà mìíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Odidi ọdún méje, bẹ́ẹ̀dì tèmi ni àkísà àkọ́kọ́ máa ń wà.
Lónìí wọ́n kọjá mi. “Morá, this one don burn o. Who go buy am?” Wọ́n so àkísà mẹ́rin mọ́ ti Alápò.
Alápò wá bá mi: “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpò díẹ̀ now.” Mo ní kó máa gbé àpò rẹ̀ lọ.
Mo ń jowú. Kí n kúkú kọ ọ́ síbí, ta ni yóò kà á?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20
Mo lá àlá àkísà pupa.

Ọjọ́ Àìkú, 25
Òjò tí a ń wá — àná ló dé, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi dé orúnkún. Èyí tí oòrùn fi sílẹ̀, àgbàrá kó o lọ, àti irúgbìn tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n. Àwọn àpò dúró digbí.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà tí mo gbà kì í ṣe ohun tí mo lè kọ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 28
Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Mama Tega ní Boundary. Mo kí wọn, mo jókòó, mo ní kí wọ́n ṣọ́ra o. Pé omi gọ́tà dúdú tó ń ti wíáháùsì jáde ni ọmọ yẹn fi ń rin ẹ̀fọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dúdú bẹ́ẹ̀.
“Chai! And people dey chop am?”
Irọ́ ni. Ọkàn mi fúyẹ́ títí mo fi délé. Mo jẹun yó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31
Mama Tega wá tú àkísà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lórí ti Alápò. Mi ò rí kí wọ́n tú àkísà rí. Mo dúró, mo ń retí kí wọ́n yà sọ́dọ̀ mi.
Wọn ò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà
Ó yé mi wàyí. Lọ́jà, kò sẹ́ni tó ń béèrè bẹ́ẹ̀dì ta ni. “Ẹ̀fọ́ Creek Road” ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ — tèmi, ti Alápò, ti Bàbá Kọ̀yà tó ń roko létí odi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Owú ò jẹ́ kí n rántí. Gbogbo oníbàárà ti kọ ẹ̀fọ́ wa. Bàbá Kọ̀yà jókòó sórí ọkọ́ rẹ̀ láti àárọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Nírọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Alápò ló bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Àpò márùn-ún ló gbé wá, tẹ̀tẹ̀ ti ń hù nínú wọn. Ó tò wọ́n síbi ògiri mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
“Àǹtí Morá, somebody don spoil our name. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè finú hàn. Ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀.”
Ó nu yẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó ní kí Ọlọ́run má fi ẹni tó ṣe é lọ́rùn sílẹ̀, kó tú u fó. Ó ń wojú mi, ó ń dúró.
Mo ní, “Àmín.”