Ìrépé Aṣọ Tó Wà Nínú Lẹ́tà Yìí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ìyàwó mi le, ṣé ó sì ti ń rí oorun sùn látìgbà tí ọmọ ti ń hu eyín? Ní tèmi, ara le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò, ìyẹn sì ti di ará ilé, n kì í kà á mọ́ àìsàn mọ́. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ayọ̀, kó sì bá ìwọ gan-an lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí mo mọ̀ ọ́, bí ebi bá ń pa ọ́, o kì í gbọ́ ọ̀rọ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, ibi tí o ti sọ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá nìkan ni mo ń wá, nígbà tí mo sì rí i, mo jó díẹ̀ nínú yàrá, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ tí o kò lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ dáadáa títí o fi kúrò nílé mi, ìwọ ni èèyàn méjìdínlógún ń wo ojú rẹ báyìí! Inú mi dùn, ọmọ mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìkòkò lórí iná.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo kà á ni mo tó rí ohun tó ń dùn ọ́. O ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì yín fẹ́ wọ inú ètò tí ìjọba fi ń bá àwọn iléeṣẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀ kí òṣìṣẹ́ má baà fara pa, kí ìlera wọn sì pé. O ní ìwọ ni wọ́n ní kó máa bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí o bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kálukú á dákẹ́, wọ́n á ní kò sí wàhálà kankan. O wá bi mí pé kí lo ṣe tí wọn ò fi fọkàn tán ọ. O ò ṣe nǹkan kan. Àwa náà sọ pé kò sí wàhálà, èmi ni mo sì sọ ọ́ sókè jù. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ọ. Bí o bá dé ibi tí ìyá rẹ ti ṣe ohun tí kò dáa, jọ̀ọ́, má ju lẹ́tà sílẹ̀, kà á dópin.

O rántí ẹ̀rọ ìlọṣọ wa ní ilé ìfọṣọ. O máa ń jókòó sórí àwọn àpò ìrọ̀rí nígbà tí o bá ti iléèwé dé, o sì máa ń ní ó jọ ẹnu tó ń jẹ aṣọ. Rólà ńlá méjì tó gbóná janjan ló ń yí sínú ara wọn. Àwa obìnrin méjì á di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, a ó tì í sẹ́nu ẹ̀, ẹ̀rọ á gbà á lọ́wọ́ wa. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú rólà náà, irin ààbò ni wọ́n ń pè é. Bí ọwọ́ bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ á dúró. Ohun tó dáa ni, àmọ́ tiwa ti ya òǹrorò. Bí etí aṣọ lásán bá fẹ́ yẹ́ẹ́ kàn án, ẹ̀rọ á dúró, a ó máa retí kó tún gbóná, Ọ̀gá Aago á sì ti yọ sí wa. Ọ̀gá Aago ni alábòójútó wa tó máa ń wo ọrùn ọwọ́ ẹ̀ kó tó kí èèyàn. O máa ń sín in jẹ, mo sì máa ń fi ojú bá ọ wí, ṣùgbọ́n inú mi á ti máa rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dá ọgbọ́n kan sí i, ó ti di ọdún mọ́kànlá. Mo fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó ya, mo gé ìrépé gígùn kan, mo fi so irin yẹn mọ́ ara ẹ̀rọ gírígírí, kò lè mira mọ́. Iṣẹ́ ń lọ geere. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, a sì sọ ìrépé náà ní Má-dá-mi-dúró. Gbogbo obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, tí a ó jọ máa gba iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ara wa, èmi ni mò ń gé tiẹ̀ fún un, tí mo sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ó àti bí wọ́n ṣe ń tú u sápò bí àlejò bá ń bọ̀. Àní irú ẹ̀ ni mo fi ń di ìwé iléèwé rẹ. O lè má rántí, àmọ́ èmi rántí.

Ẹ̀kejì mi nídìí ẹ̀rọ náà fún ọdún mẹ́sàn-án ni Ẹlẹ́rìn-ín, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi tó máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òrùlé fẹ́ wó. O ti jẹun lọ́wọ́ ẹ̀ ju bí o ṣe jẹ lọ́wọ́ mi lọ. Ní èṣí, mo kọ̀wé sí ọ pé omi gbígbóná ló bó o lọ́wọ́ nílé. Irọ́ ni mo pa fún ọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá àárọ̀ lù. Aṣọ kan lọ́ mọ́ra lẹ́nu rólà, Ẹlẹ́rìn-ín na ọwọ́ kó tún un ṣe, ẹ̀rọ sì fà á. N kò rántí bí gbogbo ẹ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Mo rántí igbe ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ dúró, n kò mọ bó ṣe dúró. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí Ọ̀gá Aago fi máa sáré wọlé, ìrépé aṣọ náà ti wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Wọ́n yẹ irin ààbò wò, ó ń mira, kò sí ohun tó ṣe é. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òṣìṣẹ́ náà ni kò farabalẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo gbọ́ ọ, n kò la ẹnu mi.

Ìka mẹ́ta ni kò ká mọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣa ìbọ̀sẹ̀ ní méjì méjì, ẹ̀rín ẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń lọ bá a, mo ń fọ aṣọ ẹ̀, mo ń bá a ya irun, mo ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ayé fún un àfi ọ̀kan yẹn. Kí n má tún pa irọ́ mìíràn fún ọ: lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìjàǹbá náà, ẹ̀rọ tún ń dúró ṣáá, mo sì tún fi ọwọ́ ara mi so ó. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ìgbà tó yá ni ẹni tó ni ilé ìfọṣọ pè wá jọ, ó ní òun ti fínnúfíndọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó ní wọn ò ní wá bu owó ìtanràn lé wa, wọn ò ní wá tì wá pa. Àwa, òun àti àwọn ni a ó jọ jókòó, a ó jọ máa wá ohun tó lè ṣe èèyàn léṣe kó tó ṣe é. Bí gbogbo ẹ̀ bá wá dán mọ́rán, a ó gba àsíá tí a ó ta sí ẹnu géètì. A fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ yan aṣojú sínú ìgbìmọ̀, èmi ni wọ́n yàn, wọ́n ní ẹnu mi mú. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹnu mi tó mú náà ni mo fi sọ pé kò sí wàhálà.

Aṣojú ìjọba tó wá wò wá jẹ́ obìnrin kúkúrú kan, ẹ̀gbẹ́ kan bàtà ẹ̀ ti jẹ. Ó ní ká ṣe iṣẹ́ wa bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Kálukú ti tú Má-dá-mi-dúró tiẹ̀ sápò, ẹ̀rọ sì dúró lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ibi tí ọ̀dà ti bó lára irin ààbò, ibẹ̀ ń dán yinrin. Ó rọra bi mí pé, “Màmá, kí ló ń ha ọ̀dà ibí yìí?” Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, n ò wá mú ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ojú yín ń rí lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí ni.” Ọmọ mi, láti ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ku ọdún mẹ́rin péré kí n fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ojú Ẹlẹ́rìn-ín ló bà mí lẹ́rù jù. Mo rò pé bó bá gbọ́, kò ní fi ojú rere wò mí mọ́ títí ayé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n bá mi pè é wá. Ó wọlé tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́. Mo yọ ìrépé aṣọ náà, mo gbé e lé orí tábìlì, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi ni mo kọ́ wọn, èmi ni mo fi pamọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ pé kò farabalẹ̀.

Ọ̀gá Aago ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Mò ń rí i láràárọ̀. Aago ni mò ń wò kí n má baà rí i.” Ẹlẹ́rìn-ín wá kọjú sí mi. Ó ní, “Mo rí ẹ nígbà tó o fi í sápò. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń retí ẹ.” Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, àgbà tí mo jẹ́ ò dí mi lọ́wọ́. Ó rìn wá, ó fi ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ nù mí lójú, ó ní, “Má fòyà, wọ́n ti fọ̀ ọ́.” Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ náà, àwọn tó wà ní géètì gbọ́ ọ.

Wọ́n ti pa ohun tí wọ́n kọ nípa Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́, wọ́n ti kọ òótọ́ síbẹ̀, iléeṣẹ́ sì ti ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa ọwọ́. Wọ́n bá mi wí gan-an, ó tọ́ sí mi, wọn ò lé mi. Àsíá kò tíì tó wa lọ́wọ́. Obìnrin aṣojú ìjọba yẹn ní ká kọ́kọ́ tún ilé ṣe ná. Ní ti irin ààbò, ẹlẹ́rọ tú u, ó bá sípíríǹgì kan tó ti dógùn-ún, ó pààrọ̀ ẹ̀. Kò tó ìdajì wákàtí. Ọdún mọ́kànlá, ọmọ mi, nítorí sípíríǹgì tí kò gùn tó ìka mi.

Ìrépé aṣọ náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Mú un dání lọ síbi iṣẹ́, kó o sọ fún àwọn èèyàn rẹ pé ìyá rẹ ló so ó. Irú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiyín náà, ó lè má jẹ́ aṣọ. Bí o bá rí i, má kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó so ó. Bèèrè ohun tí ojú wọn ń rí, kó o sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ipò tuntun yìí tù ọ́ lára. O ò ní fi ara ṣòfò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ á máa fi ọwọ́ méjèèjì lọ ilé, wọ́n á máa fi í gbé ọmọ wọn. Bá mi fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu, kó o sì kí ìyàwó mi púpọ̀púpọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí kò ní pa irọ́ omi gbígbóná fún ọ mọ́.

Àfikún: Èmi Ẹlẹ́rìn-ín ni mò ń kọ ibí yìí. Ọwọ́ òsì ni, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá rẹ ní kí n bá òun fi lẹ́tà sínú àpòòwé, mo sì kà á, ó kúkú mọ̀ pé mo máa kà á. Ó ní òun ò mọ bí ẹ̀rọ ṣe dúró. Èmi mọ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á wà lódìkejì yàrá, kò sẹ́ni tó débẹ̀. Ìyá rẹ ló fò mọ́ ìrépé yẹn, tó tú u, tí irin fi rí àyè mira, tí ẹ̀rọ fi dúró. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo apá mi ni ì bá bá a lọ. Ohun tó fi sápò nìkan ló ń rántí. Mo ti sọ fún un, kò gbà. Ìwọ ọmọ ẹ̀, bá mi sọ fún un.