Orúkọ Tí Màámi Ń Pè Nínú Fíìmù

Bọ̀dá Nojeem,

Bàbá kí yín, gbogbo agboolé Bẹ́yẹrúnkà kí yín; èmi ò kí yín. Ẹsẹ̀ Màámi tó wú ti ń rọlẹ̀.

Wọ́n wá ya fíìmù ayé àtijọ́ fún tẹlifíṣọ̀n nílé wa. Màámi ni wọ́n ní kó ṣe ìyá tó ń sunkún ọmọ tó lọ sógun. “Àjàgbé” ló yẹ kó máa pè, àmọ́ “Nojeem” ló ń pè.

Dírẹ́tọ̀ pariwo, “Màmá, Àjàgbé la ní!”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún un yà, orúkọ yín náà ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Sàídì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ní Kánádà, ẹ ò pe Màámi lẹ́ẹ̀kan! Kọ́lọ́run ṣọ́ yín. Àmọ́ bẹ́ ò bá pè é lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi náà á wá ẹ̀gbọ́n mìíràn.

Mujeebat