Mo Fi Ipò Kan Pààrọ̀ Ogún Ọjọ́ Nílé

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi níbi tí wọ́n ti ń lọ gààrí. Mo kí Ràṣídá ìyàwó mi, tíṣà Ìlọrà, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo kí Àìṣá ọmọ mi pẹ̀lú, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ títí wọn yóò fi kà á tán.

Ẹ má bínú pé mo gbé lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi pamọ́ ní Fìdítì, kí ó tó di ọjọ́ kẹta yóò ti bí ọmọ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu mi pé wọn kò lé mi níṣẹ́, n kò jalè, n kò sì na ọ̀gá mi. Èmi fúnra mi ni mo gbà pé kí wọ́n já mi sí ipò kan nísàlẹ̀, kí n lè wá ṣe iṣẹ́ panápaná ní Ọ̀yọ́, nítòsí yín.

Òtútù Jọ́ọ̀sì ti dé. Láàárọ̀, tí a bá ń fọ ọkọ̀ panápaná, omi á máa ta wá lọ́wọ́ bí ata. Súwẹ́tà méjì ni mo ń wọ̀ sábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù. Yàrá kan ni mo ń gbé, ìkòkò kan ni mo ní, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mo sì ń dáná nítorí gáàsì. Pòtétò pọ̀ níbí, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ti jẹ ẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún léraléra, yóò fẹ́ rí ẹni tí yóò rojọ́ fún. Èmi kò rí ẹni rojọ́ fún, mo wá ń ka nǹkan. Ẹ mọ̀ mí. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ibùdó wa, ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rin lé mọ́kànlá ni.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí iná wọ oko kajú yín. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, mo máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan wálé. Àwa ìdílé á ro etí oko náà yí po, ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, a ó gbá ewé gbígbẹ kúrò títí ilẹ̀ yóò fi hàn, kí iná ìgbẹ́ tó bá ń bọ̀ má lè rí nǹkan jẹ kọjá. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, n kò rí ìsinmi gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn yóò ro ó. Wọ́n ro ìhà méjì, wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Iná kò dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo kírun Àsárì tán, mo ń ká rọ́bà omi ní ibùdó wa, fóònù mi dún. Ẹ̀yin ni. Ẹ kò kí mi. Ẹ ní iná ti wọ oko, kí n máa bọ̀. Mo ní ìyá mi, Jọ́ọ̀sì ni mo wà. Ẹ ní ẹ mọ̀, kí n ṣáà máa bọ̀.

Mo bi yín pé ta ni ẹ tún ti pè. Ẹ ní ta ni ẹ tún fẹ́ pè, nígbà tó jẹ́ pé panápaná lẹ bí lọ́mọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, mo ka ìpè tó wọlé sórí fóònù mi lọ́jọ́ náà. Mẹ́rìnlá ni, láti ọwọ́ ènìyàn mẹ́fà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó pe ibùdó panápaná Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí. Odindi ìdílé, nọ́ńbà panápaná kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹni tó ni nọ́ńbà náà sì wà ní Jọ́ọ̀sì.

Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀, ọ̀gá mi ń fi fóònù tiwọn wá nọ́ńbà àwọn ará Ọ̀yọ́. Mo ní kí ẹ bu eruku dà sókè, kí ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ẹ ní ṣé eré ni mo ń bá yín ṣe ni. Mo ní kí ẹ fi àpò kajú sílẹ̀, kí ẹ lọ dúró sí ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ro. Ẹ ní àpò méjì ni, pé ta ni yóò gbé e. Mo pariwo mọ́ yín. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, n kò pariwo mọ́ yín rí. Mo ń gbọ́ bí koríko ṣe ń ta pàràpàrà, mo ń gbọ́ ikọ́ yín. Nígbà tó yá ẹ ní ẹ ti dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni a lò lórí fóònù. Rọ́bà omi wà lẹ́sẹ̀ mi, omi kún inú ọkọ̀ wa dẹ́nu, n kò sì lè ta ẹ̀kán kan sí oko ìyá mi.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ dé, wọ́n pa iná náà. Nínú igi kajú mẹ́rìndínláàádọ́ta, mẹ́tàdínlógún jóná. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni fún oṣù kan. Lọ́dún yìí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ro, wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin, ẹ lọ bá olórí àwọn panápaná náà, ẹ bi í bóyá Múfútàù ló rán wọn. Ẹ ní kí ó pè mí, kí ó jábọ̀ fún mi pé wọ́n dé lóòótọ́. Ọkùnrin náà pè mí, ẹ̀rín ń pa á. Ó ní Ọ̀gá, màmá ní kí òun wá jábọ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bi mí pé kí ló dé tí n kò wá bá àwọn ṣiṣẹ́, pé wọ́n ń wá ẹni tó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìlànà wọn ni pé ẹni tó bá ti ibòmíràn wá yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ipò kan.

Oṣù mọ́kànlá ni ìwé tírànsífà náà fi rìn. Ibi tí mo ń lọ ní kí ibi tí mo wà kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Ibi tí mo wà ní kí ibi tí mo ń lọ kọ́kọ́ gbà mí. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Mo kọ owó oṣù tuntun sílẹ̀, mo yọ owó ilé Jọ́ọ̀sì kúrò, mo yọ owó mọ́tò ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún un ṣe, nítorí mo fẹ́ kí ó bára mu. Kò bára mu. Owó yóò dín díẹ̀ lóṣooṣù, n kò ní purọ́ fún yín. Ọ̀rẹ́ mi tó ń wa ọkọ̀ wa, ọmọ Jọ́ọ̀sì níbí, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní èmi tí mo máa ń ka ìṣáná inú páálí, ṣé èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ju ìràwọ̀ ipò tó wà léjìká mi nù. Mo ní ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ lálaalẹ́ kò lè bá mi ṣe ìṣirò yẹn.

Mo mọ ohun tó ń dùn yín. Nígbà tí mo gba ìràwọ̀ kejì, ẹ dìde láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín ní àsálátù, ẹ dúpẹ́, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń pè yín ní Ìyá Ọ̀gá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ tírànsífà sílẹ̀, ẹ ní ṣé ẹ̀yìn ni ènìyàn ń rìn sí ni. Ẹ ní ẹ ti kọ nọ́ńbà Ọ̀yọ́ sára ògiri, kí n dúró sí àyè mi. Ẹ wá gbé fóònù fún Àìṣá. Ó ní ẹ káàsán o, Dádì Jọ́ọ̀sì, bí ẹni pé Dádì mìíràn wà níbòmíràn. Ràṣídá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò lè jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo fọwọ́ sí ìwé náà. N kò pè yín kí n tó fọwọ́ sí i. Bàtà lásán, tí mo bá fẹ́ rà á, ẹ̀yin ni mo máa ń kọ́kọ́ bi. Èyí, n kò bi yín, nítorí ẹ ó sọ pé rárá, ẹ ó sì rò pé oore lẹ ń ṣe fún mi.

Ìṣirò tó jẹ́ kí n fọwọ́ sí i nìyí. Ní Ọ̀yọ́, tí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan, yóò sinmi ọjọ́ méjì. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́, ogún ni n ó lò nílé. Láti ọyẹ́ tó kọjá títí di òní, òru mẹ́tàlá ni mo sùn ní Fìdítì.

Tí wọ́n bá bi yín ní àsálátù, ẹ sọ fún wọn pé ìràwọ̀ kan ni mo ní báyìí. Tí ó bá ṣòro fún yín láti sọ, ẹ fi í sílẹ̀, èmi yóò wá sọ ọ́ fúnra mi. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni n ó dé. N ó dọ̀bálẹ̀ kí n tó gbé ẹrù wọlé, nítorí mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ yín. Ẹ bínú bó bá ṣe wù yín, ìyá mi. Ogún ọjọ́ ni ẹ ní lóṣù kan láti fi bínú sí mi lójúkojú.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti ara líle jíǹkí yín, kí ó fi àlùbáríkà sí èyí tó kù lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nílé, kí ẹ kí àwọn ìyá mi ní àsálátù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni ọmọ yín tó ń di ẹrù,
Múfútàù Àjàní